Báńkì méjì, ìwé méjì, owó kan: Àdéhùn ló ń mú kí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́ ara wọn yé

Oníṣòwò tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí kò pọ̀ mọ́ ní Nàìjíríà. Èèyàn fi owó ọjà ránṣẹ́ láti orí fóònù, báńkì rẹ̀ yọ owó náà lójú ẹsẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ sì wọlé pé owó ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí owó ní òdìkejì ní òun kò rí nǹkan kan. Ẹni tó sanwó ń bínú pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ, ẹni tó ni ọjà kò sì fẹ́ kí ọjà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, kò sì tíì dé ọwọ́ ẹni kejì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Báńkì tó ń fi owó ránṣẹ́ wà níbẹ̀, báńkì tó ń gbà á wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ tó wà láàárín wọn wà níbẹ̀, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Kálukú ló ní ọ̀gá tirẹ̀, ìwé ìṣirò tirẹ̀ àti ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe mú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan parí lọ́dọ̀ òmíràn, láìsí akọ̀wé tó ń gbé bébà kiri, jẹ́ ohun tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò mọ̀. Ìdí ni pé kì í ṣe báńkì nìkan ló ń ṣe é mọ́. Iléeṣẹ́ tó ń ta oògùn, tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí tó ń kó ẹrù láti òkè òkun ti ń so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn oníbàárà wọn báyìí. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń já lè pàdánù owó ńlá.

Láyé sọ̀wédowó

Kí ètò tòde òní tó dé, ìwé sọ̀wédowó ló máa ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn. Ẹni tó bá gba sọ̀wédowó yóò lọ fi sí báńkì tirẹ̀. Báńkì náà yóò kó gbogbo èyí tó wọlé fún un lọ sí ibi tí àwọn akọ̀wé báńkì ti ń pàdé, wọn yóò sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bébà yóò tún rìnrìn-àjò lọ sọ́dọ̀ báńkì tó ni ín, kí wọ́n lè yẹ ìbuwọ́lùwé wò, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá owó wà nílẹ̀. Ọjọ́ púpọ̀ ló ń bá a lọ, pàápàá bí ìlú méjèèjì bá jìnnà síra wọn.

Láti tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe ni CBN àti àwọn báńkì fi dá iléeṣẹ́ Nigeria Inter-Bank Settlement System, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NIBSS, sílẹ̀ ní ọdún 1993. CBN àti àwọn báńkì tó gba ìwé àṣẹ ló jọ ni ín. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: àwọn tó ń bá ara wọn du oníbàárà láràárọ̀ fẹnu kò pé oríta kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn yóò máa gbà kọjá.

Ìṣirò kékeré kan ni yóò fi àǹfààní oríta náà hàn. Ká ní 20 báńkì ló wà, tí kálukú sì fẹ́ la ọ̀nà tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn yòókù, ọ̀nà 190 ni wọn yóò là. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, àwọn 19 yòókù ni yóò tún iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá gba oríta kan, ọ̀nà 20 péré ti tó. Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ Interswitch, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ṣe fún káàdì báńkì kò yàtọ̀ sí èyí. Òun ló wà lára àwọn tó mú kí káàdì báńkì kan lè ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ ATM tí báńkì mìíràn gbé kalẹ̀.

Sọ̀wédowó gan-an kò gbẹ́yìn. Láti ọdún 2012 ni àwọn báńkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, tí bébà sì ń dúró lọ́dọ̀ báńkì tó kọ́kọ́ gbà á.

Nọ́ńbà tí gbogbo báńkì jọ mọ̀

Oríta nìkan kò tó. Bí èèyàn méjì bá pàdé ní oríta tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, wọn kò lè ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà kan rí, bí ó ṣe wu báńkì kọ̀ọ̀kan ló ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Ti àwọn kan gùn, ti àwọn mìíràn kúrú. Kọ̀ǹpútà báńkì kan kò lè wo nọ́ńbà báńkì mìíràn kó sọ pé ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010 ni CBN gbé ìlànà NUBAN jáde, èyí tó sọ ọ́ di dandan pé nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báńkì gbọ́dọ̀ jẹ́ 10. Ọdún 2011 ni gbogbo wọn bọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí ó má baà nira láti há sórí ni wọ́n ṣe ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà 9 àkọ́kọ́ ló jẹ́ ti oníbàárà. Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí. Ká ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì jẹ́ 011, tí nọ́ńbà oníbàárà sì jẹ́ 000001457. Wọn yóò tò wọ́n pọ̀ di nọ́ńbà 12. Wọn yóò fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, mẹ́ta mẹ́ta, títí dé òpin. Bí wọ́n bá ro gbogbo èsì náà pọ̀, 81 ni yóò jẹ́. Bí wọ́n bá fi 10 pín 81, 1 ló máa ṣẹ́kù. Wọn yóò yọ 1 yẹn kúrò nínú 10, yóò ku 9. 9 náà ni wọn yóò fi kádìí rẹ̀, àkáǹtì yóò sì di 0000014579.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún oníṣòwò ni pé bí ó bá ṣi ẹyọ nọ́ńbà kan tẹ̀, ìṣirò kò ní bára mu, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ̀ ọ́ kí owó tó kúrò nílé. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ yìí kò rí gbogbo nǹkan. Bí èèyàn bá gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn, ó lè yọ́ kọjá nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi máa ń gbé orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì jáde kí ó tó béèrè fún nọ́ńbà àṣírí. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láì ka orúkọ náà ti sọ ẹ̀ṣọ́ kejì nù.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń ta ọjà inú páálí ti ń lo irú ọgbọ́n yìí. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìlà dúdú tó wà lára páálí bisikíìtì tàbí agolo mílíìkì ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ní ìparí. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ nídìí owó, ní ilé ìtajà kan ní ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ṣe ọjà, ẹni tó gbé e àti ẹni tó tà á ti ń fi nọ́ńbà kan náà pe ọjà kan náà.

Ìròyìn ló ń rìn, owó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ní ọdún 2011 kan náà ni NIBSS bẹ̀rẹ̀ ètò NIP, èyí tó ń jẹ́ kí owó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kí ó tó dé, ṣe ni wọ́n máa ń kó ìsanwó jọ, tí wọn yóò sì jọ rán an lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí NIP ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ká ní aláṣọ kan ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń kó aṣọ fún un ní Èkó. Báńkì aláṣọ yóò kọ́kọ́ gba oríta NIBSS béèrè orúkọ lọ́wọ́ báńkì ti Èkó. Bí orúkọ bá dé, tí aláṣọ sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, báńkì rẹ̀ yóò yọ owó náà kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀. Yóò wá fi ìròyìn ránṣẹ́ sí NIBSS pé kí báńkì ti Èkó san iye báyìí sí àkáǹtì báyìí. NIBSS yóò gbé e fún báńkì náà. Báńkì náà yóò san án fún oníbàárà rẹ̀, yóò sì dáhùn. Bí ìdáhùn náà bá jẹ́ 00, iṣẹ́ ti parí.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé owó gan-an kò tíì kúrò lójú kan ní àkókò yìí. Ìròyìn nìkan ló rìn. Báńkì ti Èkó ti fún oníbàárà rẹ̀ lówó lórí ìgbàgbọ́ pé ìṣirò ń bọ̀. Bí àkókò ìṣirò bá tó, NIBSS yóò ro gbogbo ohun tí kálukú jẹ ara wọn pọ̀. Bí àwọn oníbàárà báńkì kìíní bá ti fi 90 mílíọ̀nù náírà ránṣẹ́ sí ti báńkì kejì, tí àwọn ti báńkì kejì náà sì ti fi 70 mílíọ̀nù ránṣẹ́ padà, 20 mílíọ̀nù péré ni yóò kúrò nínú àkáǹtì báńkì kìíní bọ́ sí ti báńkì kejì nínú ìwé CBN.

Gbogbo àgbáyé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ SWIFT, tí 239 báńkì láti orílẹ̀-èdè 15 dá sílẹ̀ ní Bẹ́líjíọ̀mù ní ọdún 1973, kì í gbé owó rárá. Ìròyìn tí gbogbo báńkì fẹnu kò sí bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́ ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí báńkì kan bá kọ ní London, kọ̀ǹpútà ní Èkó yóò kà á bí ó ṣe rí, nítorí pé àyè orúkọ, àyè iye owó àti àyè ọjọ́ ti wà lójú kan náà fún gbogbo wọn.

Ibi tí okùn ti máa ń já

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni èèyàn lè rí ìdí tí owó fi máa ń há sáàárín. Bí àkáǹtì méjèèjì bá wà nínú báńkì kan náà, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń kọ ìwé méjèèjì. Bí ó bá kọ ọ̀kan tí èkejì kò ṣeé kọ, yóò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Báńkì méjì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí báńkì tó ní àṣẹ láti pa ohun tó wà nínú ìwé báńkì mìíràn rẹ́.

Nítorí náà, bí báńkì Ìbàdàn bá ti yọ owó, tó fi ìròyìn ránṣẹ́, tí kò sì rí ìdáhùn gbà, ohun méjì ló lè ti ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìròyìn kò dé Èkó rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ó dé, tí wọ́n ti sanwó, ṣùgbọ́n tí ìdáhùn sọnù lójú ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀. Báńkì Ìbàdàn kò lè mọ èwo ni. Bí ó bá sáré dá owó padà fún aláṣọ, tó wá jẹ́ pé Èkó ti sanwó, ẹni méjì ti gba owó kan náà nìyẹn. Bí kò bá sì dá a padà, tó wá jẹ́ pé ìròyìn kò dé, ó ti jẹ oníbàárà rẹ̀ níyà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúró, tí yóò tún padà lọ béèrè ní oríta pé, kí ni òpin iṣẹ́ tí òun rán?

Kí ìbéèrè yìí lè ní ìdáhùn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ tí kò sí lára òmíràn. Nọ́ńbà gígùn tí wọ́n ń pè ní Session ID, tó máa ń wà lára rísíìtì orí fóònù, ni orúkọ náà. 30 ni nọ́ńbà inú rẹ̀: 6 àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí iléeṣẹ́ tó rán owó, 12 tó tẹ̀lé e jẹ́ ọjọ́ àti àkókò, 12 tó kẹ́yìn sì jẹ́ ti iṣẹ́ náà nìkan. Bí ìròyìn kan náà bá dé Èkó lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà yìí ni kọ̀ǹpútà ibẹ̀ yóò fi mọ̀ pé òun ti san án, kò sì ní tún un san. Òun náà ló yẹ kí oníbàárà kọ́kọ́ mú dání bí ó bá ń lọ fẹjọ́ sùn ní báńkì. Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú nọ́ńbà yìí yóò tètè rí ìdáhùn ju ẹni tó kàn sọ pé òun fi owó ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn báńkì ṣì máa ń gbé ìwé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ti ọ̀kan bá sọ pé iṣẹ́ 1,000 ló lọ, tí ti èkejì sì sọ pé 998 ló wọlé, wọn yóò wá àwọn 2 náà jáde, wọn yóò sì parí ọ̀rọ̀ wọn. Ìjọba náà sì fi àkókò sí i. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2020 ni CBN ti pàṣẹ pé bí ATM báńkì mìíràn bá yọ owó oníbàárà láì fún un lówó, owó náà gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 48, àti pé ẹjọ́ lórí POS àti ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ parí láàárín wákàtí 72. Ẹ̀rọ kò lè fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ fún ara rẹ̀. Èèyàn ló ní láti jókòó, kí wọ́n pinnu ẹni tí ẹrù yóò wà lórí rẹ̀ bí nǹkan bá yíwọ́.

Nígbà tí èrò pọ̀ jù lójú ọ̀nà

Oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2023 fi hàn gbogbo èèyàn bí okùn yìí ṣe rí. Lẹ́yìn tí CBN kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé òun fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, owó bébà di ọ̀wọ́n. Ẹni tó ń ta ata àti ẹni tó ń wa ọ̀kadà di ẹni tó ń gba owó lórí fóònù. Ọ̀nà tó ti gba èrò tẹ́lẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́. Àìmọye ìsanwó ló há, tí àwọn oníṣòwò sì ń dúró ti ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún 2023.

Ọdún tó tẹ̀lé e tún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, já nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, iṣẹ́ sì dojú rú ní àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà. Nígbà tó di apá ìparí ọdún náà, àwọn báńkì ńlá kan yí ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ wọn dúró lé padà, àwọn oníbàárà wọn sì jìyà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tí kò ní àkáǹtì níbẹ̀ náà jẹ nínú ìyà ọ̀hún, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ló ní in. Bí iléeṣẹ́ bá ti so ara wọn pọ̀, àìsàn ọ̀kan di ti gbogbo wọn.

Kì í ṣe owó nìkan ló ń kọjá

Bí oríta bá ti wà, ohun mìíràn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á kọjá. Oṣù kejì ọdún 2014 ni CBN àti àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà 11 tó ń fi ẹnìkan ṣoṣo hàn ní gbogbo báńkì tó bá ní àkáǹtì sí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, BVN yìí ni wọ́n gbé ètò GSI lé. Ẹni tó bá yá owó ní báńkì kan, tó buwọ́ lù ú pé òun gbà, tí kò sì san án nígbà tó yẹ, báńkì náà lè gba oríta NIBSS lọ yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní sí báńkì mìíràn. Oníṣòwò tó bá ń tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé báńkì tó yá òun lówó nìkan kọ́ ni ìbuwọ́lùwé náà dé.

Ìjọba àpapọ̀ náà lo ọgbọ́n yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa san owó tó ń wọlé fún wọn sínú àpò kan ṣoṣo, TSA, tó wà ní CBN. Ètò Remita, tí iléeṣẹ́ SystemSpecs ti Nàìjíríà ṣe, ni wọ́n fi so àwọn iléeṣẹ́ náà, àwọn báńkì àti CBN pọ̀. Ẹni tó fẹ́ sanwó yóò kọ́kọ́ gba nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ RRR. Nọ́ńbà náà ti mọ ẹni tó ń sanwó, iléeṣẹ́ tó ń san án fún àti ohun tó ń san án fún, kí owó tó kúrò lápò rẹ̀. Báyìí ni iléeṣẹ́ náà ṣe lè mọ ẹni tó ti san láì wo bébà báńkì.

CBN tún gbé ìlànà kan jáde ní 2021, ó sì ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe máa lò ó ní 2023, lórí bí báńkì ṣe lè ṣí ìwé oníbàárà fún iléeṣẹ́ mìíràn, bí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i.

Ohun tí oníṣòwò lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò nílò báńkì kí ó tó wúlò. Ká ní ilé ìtajà oògùn kan fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa béèrè ọjà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà bí oògùn bá ti fẹ́ tán. Àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà yóò sọ pé kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Lóòótọ́, kì í pẹ́ kí wáyà tó so. Àmọ́ bí ilé ìtajà bá kọ 10, tí páálí kéékèèké 10 sì wà lọ́kàn rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà alágbàtà kà á sí páálí ńlá 10, ọkọ̀ yóò já oògùn tí kò ní tán títí ọjọ́ lílò rẹ̀ yóò fi kọjá sẹ́nu ọ̀nà. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ohun mẹ́rin ló yẹ kí iléeṣẹ́ méjì fẹnu kò lé lórí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àkọ́kọ́ ni orúkọ: nọ́ńbà wo ni wọn yóò jọ máa fi pe ọjà kọ̀ọ̀kan, oníbàárà kọ̀ọ̀kan àti ìwé ìbéèrè ọjà kọ̀ọ̀kan? Èkejì ni ìwọ̀n: ṣé páálí ni, ṣé ẹyọ ni, ṣé owó tí orí wà nínú rẹ̀ ni? Ẹ̀kẹta ni ìparí iṣẹ́: ọ̀rọ̀ wo ló túmọ̀ sí pé ó ti parí, ẹnu ta ló sì gbọ́dọ̀ ti jáde? Ẹ̀kẹrin ni ìjákulẹ̀: bí ìdáhùn kò bá dé, ta ni yóò kọ́kọ́ béèrè, wákàtí mélòó ni wọn yóò fi dúró, lọ́rùn ta sì ni àdánù yóò wà?

Fún oníṣòwò kékeré tí kò ní kọ̀ǹpútà ju fóònù ọwọ́ rẹ̀ lọ, ìlànà kan náà ni. Rísíìtì tí ẹni tó sanwó bá fi hàn án jẹ́ ẹ̀rí pé báńkì oníbàárà ti ṣe ipa tirẹ̀, bí kì í bá ṣe ayédèrú. Kò sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tó ń sọ pé iṣẹ́ ti parí ni owó tó hàn nínú àkáǹtì òǹtajà fúnra rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ṣí wò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé náà kò tó, nítorí àwọn oníjìbìtì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ọjà sí àyè ọ̀rọ̀ tó wà lórí áàpù bí wọ́n bá ń sanwó, kí ó lè mọ owó ẹni tó wọlé. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ pọ̀ lè lọ sọ́dọ̀ báńkì tàbí iléeṣẹ́ ìsanwó, kí wọ́n fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ tí gbogbo wọn ń dà sínú àpò kan. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó gbé ìwé ọjà tó tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó tó wọlé. Ìyàtọ̀ N5,000 tí èèyàn rí lónìí kì í nira wá. Èyí tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, àfi ọlá Ọlọ́run.

Bí owó bá sì há, báńkì tí owó ti kúrò ni kí ẹni tó sanwó kọ́kọ́ lọ bá, kí ó kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gba nọ́ńbà ẹjọ́. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá tí kò rí ojútùú, ó lè gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwọn báńkì tó ń bára wọn jà lórí oníbàárà ti ń gba oríta kan kọjá láti ọdún tó ti lé ní ọgbọ̀n. Ẹ̀rọ wọn ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àkókò yẹn, àwọn báńkì kan tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sì sí mọ́. Àdéhùn tó wà láàárín wọn, lórí nọ́ńbà, lórí ọ̀rọ̀ àti lórí ẹni tó ni ẹ̀bi, ni kò jẹ́ kí eré náà túká.